Sáńwíìṣì tí ó rin gbindin kí n tó délé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, mo kí yín o. Lánàá ni mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Under-G, nítòsí yunifásítì LAUTECH, níbi tí oníbàárà ti máa ń tọ́ka sí ohun tí ó bá fẹ́ kí wọ́n fi há àárín búrẹ́dì rẹ̀. Ẹyin díndín, tòmátì àti máyónéèsì ni mo yàn, ṣùgbọ́n kí n tó dé Sábó, búrẹ́dì náà ti rin gbindin, ó sì já sí mi lọ́wọ́. Kí ló fà á?

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Omi tòmátì ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́tà pa ojú búrẹ́dì méjèèjì, nítorí pé ọ̀rá kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé, kí wọ́n sì yọ kóró tòmátì dànù.

Èsì: Ṣé láílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wé e? Bí ẹyin bá ṣì gbóná, oru rẹ̀ ni yóò padà di omi sára búrẹ́dì; bébà ló dára jù. Máyónéèsì gan-an ló ń kọ mí lóminú, nítorí pé ìgò tí wọ́n bá ti ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, iná wa kò sì dúró sójú kan.

Olùbéèrè: Láílọ́ọ̀nù ni lóòótọ́, wọ́n tún so ẹnu rẹ̀ pinpin. Ẹ ṣeun púpọ̀.