Ilẹ̀ tí ekòló sá kúrò níbẹ̀

Ọmọ Oníkòkó, Oǹdó:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ jẹ́ n tú u síta, bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹlòmíràn rí.

Nígbà tí bàbá wa papò dà, oko kòkó ọ̀nà Ìdànrè ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn igi ibẹ̀ ti darúgbó, èso wọn ò tó nǹkan mọ́. Mo ní kí n gé apá kan, kí n fi ọmọ kòkó tuntun rọ́pò. Gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni mo ṣe: ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo gbìn, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ibòji. Ó di oṣù mẹ́jọ, wọn ò kú, wọn ò sì yè. Bí mo ṣe gbìn wọ́n ni wọ́n wà, ewé wọn pupa rúsúrúsú. Mo fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, ó ki pọ́pọ́, kò ní àwọn tín-tìn-tín tó máa ń dà bí irun yẹn.

Ìyá kan tó máa ń bá wa ro oko ló là mí lójú. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wolẹ̀. Ibo ni imí ekòló wà?"

Mo wolẹ̀. Lábẹ́ igi obì tó wà létí oko, lẹ́yìn ààlà, imí ekòló wú káàkiri. Lábẹ́ kòkó wa, kò sí ẹyọ kan. Ewé gbígbẹ ló tò gègèrè síbẹ̀ bí ẹní. Mo ń ṣí i ní ìpele ìpele bí ẹni ń ṣí ìwé. Ewé ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó yẹ kó ti jẹrà, àmọ́ ìlà ara rẹ̀ ṣì hàn ketekete.

Ìgbà náà ni mo rántí dúróòmù. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, àwa là ń pọn omi kún un. Bàbá á da òkúta búlúù tó ń dán bí dígí sí i, á po láìmù, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, mọ́ ọn, á fi igi rò ó, á gbé póòǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, tí èso kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tó ń rà lórí igi, fífín ni ṣáá. Ara igi, ewé, ṣẹ́ẹ̀tì bàbá, gbogbo rẹ̀ a máa pa búlúù. Owó kòkó yẹn ló rán àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níléèwé, ẹ má rò pé mo fẹ́ bú u o.

Tíṣà, Ìbàdàn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà ẹ jẹ́ n dá sí i. Ohun tó wà nínú òkúta búlúù yẹn, bàbà (copper) ni, irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Oògùn mìíràn wà tó ń tú ká bó pẹ́ bó yá. Bàbà kì í tú ká. Òjò á fọ̀ ọ́ kúrò lára igi, á bọ́ sílẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, kì í sì rìn jìnnà. Ti ọdún yìí á lé tèṣí. Ekòló ò lè fara dà á, ibi tí ilẹ̀ bá sì ti kan, tó ní ásíìdì, ló ti ń ṣọṣẹ́ jù. Bàbá fi bàbà sílẹ̀ fún yín láìmọ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn Faransé ló kọ́kọ́ gbé oògùn yìí jáde fún ọgbà àjàrà wọn, ní nǹkan bí 1885, ilẹ̀ àjàrà wọn náà sì ti mu ún yó. Lónìí, òfin Yúróòpù ò gbà kí àgbẹ̀ lo bàbà ju kílò 28 lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún 7.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìkòròdú:

Tiyín tiẹ̀ dáa, kòkó yín sọ fún yín. Ẹ̀fọ́ tèmi ò sọ nǹkan kan.

Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, lórí ààtàn, ni tẹ̀tẹ̀ tó dára jù ń hù sí. Eérú, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́, kí ló tún kù? Nígbà tí mo wá gba ilẹ̀ kékeré síbí, tó jẹ́ iyanrìn lásán, mo ra ilẹ̀ dúdú típà kan láti ààtàn àtijọ́ kan. Ẹ̀fọ́ yẹn! Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, àwọn oníbàárà ń jà sí i.

Ọjọ́ kan ni mò ń tu koríko, nǹkan dúdú kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó gún, ó rí róbótó bí ṣọ́ọ̀kì. Inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni. Mo tún walẹ̀: gílóòbù fífọ́, ọ̀rá, wáyà, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn. Ààtàn ìyá mi kọ́ nìyí o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì bá mi gbé ilẹ̀ náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní òjé (lead) wà nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Zamfara ló sọ sí mi lọ́kàn, lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù nínú agboolé, tí òjé inú rẹ̀ pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Mo mọ̀ pé tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti tà á ní ìgbà méjì kí n tó mọ̀. Màmá kan wà tó máa ń rà á fún ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì. Mi ò tíì rí ẹnu sọ fún un.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn:

Ìyá, ẹ lọ sọ fún un. Kó lè gbé ọmọ lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Tèmi kéré. Mo fín atrazine, oògùn apakoríko, sí àgbàdo, koríko kú, inú mi dùn, mo tilẹ̀ fi kún ìwọ̀n rẹ̀ torí owó ara mi ni mo fi rà á. Lẹ́yìn ìkórè mo gbin ẹ̀wà síbẹ̀. Ó hù dáadáa. Kò pẹ́, etí ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ó gbẹ bí ìgbà tí iná rà á, gbogbo ebè lọ. Oògùn ṣì wà nílẹ̀, ó ń dúró de ewé tí kì í ṣe àgbàdo. NAFDAC ti ní kí ó kásẹ̀ nílẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2025. Ìyàwó mi ní ó pẹ́ fún ẹ̀wà òun.

Ọmọ Oníkòkó, Oǹdó:

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mi ò gbin nǹkan sí apá ibẹ̀ mọ́ fún ìgbà yìí. Ìgbẹ́ adìẹ ni mò ń kó lọ dà síbẹ̀, pẹ̀lú láìmù díẹ̀ kí ilẹ̀ má baà kan. Lánàá mo rí òkìtì kékeré kan, kò ju orí ìka lọ. Mo sáré pe ìyá yẹn wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀ka igi tú u wò, ó ní ti èèrà ni.