Bọ̀ọ̀dá Sójà tí kò ti Bọ́mà bọ̀

Ẹ ní kí kálukú sọ ìtàn ẹni rẹ̀ tí ogun gbé lọ tí kò padà wálé. Ìtàn tèmi pẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Ẹ̀yin ń sọ ti Bìáfrà, àwọn mìíràn ń sọ ti Màídúgùrí; ogun Hítílà ló gbé ẹni tèmi lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, ọmọ ìyá kan náà, àkọ́bí ìyá àgbà. Bọ̀ọ̀dá Sójà la máa ń pè wọ́n nílé. Wọ́n ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ẹbí ní kí n má kọ orúkọ wọn gan-an síta, n kò sì ní kọ ọ́.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1943. Iṣẹ́ bíríkìlà ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Bàbá mi ṣì kéré nígbà yẹn, àmọ́ wọ́n rántí pé mọ́tò wíwà ló wọ ẹ̀gbọ́n wọn lójú. Àwọn tó ń gba ọmọ ogun ń sọ pé ẹni tó bá wọlé yóò kọ́ mọ́tò, yóò máa gbowó oṣù, wọn yóò sì máa san díẹ̀ nínú owó náà fún ìyá rẹ̀ nílé. Wọ́n tún ń sọ pé bí Hítílà bá borí, ẹrú ni gbogbo wa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún gbọ́ gbogbo ìyẹn, ó lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ wọn ló finú fẹ́dọ̀ lọ o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọba tàbí baálẹ̀ ló fà wọ́n lé òyìnbó lọ́wọ́.

Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, ó di Íńdíà, láti ibẹ̀ ó di Bọ́mà, tó ń jẹ́ Myanmar lónìí, láti lọ bá àwọn ará Japan tó wà lẹ́yìn Hítílà jà. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ìhà Éṣíà nínú ogun náà, láti Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà lónìí, Sàró àti Gáḿbíà. Dífíṣọ̀n méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì, ni wọ́n pín wọn sí, 81 àti 82. Igbó àti òkè Arakan ní Bọ́mà ni wọ́n ti ja èyí tó pọ̀ jù, níbi tí mọ́tò kò lè gbà. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, wọn á gbé e lé orí, wọn á máa gun òkè lọ. Àmì tó wà lápá aṣọ dífíṣọ̀n 82, èyí tí Bọ̀ọ̀dá Sójà wà, ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn tó gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru omi! Ẹni tó ronú kan àmì yẹn ṣe bẹbẹ, nítorí àwọn tó ru ẹrù ló gbé ogun náà lórí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sì í dárúkọ wọn.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dé láti ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní òjò ibẹ̀ kì í dá bọ̀rọ̀, wọ́n kí gbogbo ilé, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má ta ewúrẹ́ àwọn. Ìran ewúrẹ́ yẹn ni mo bá nílé nígbà tí mo gbọ́njú. Ìyá àgbà kì í tà wọ́n, wọn kì í sì í jẹ́ kí a pa wọ́n.

Ìwé ìjọba dé lọ́dún 1945. Akọ̀wé tó kà á fún ìdílé sọ pé wọn kò rí Bọ̀ọ̀dá Sójà mọ́ lẹ́yìn ìjà kan, wọ́n sì gbà pé ó ti kú. Owó tí wọ́n ń san fún ìyá àgbà dáwọ́ dúró.

Nílẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá kú sójú ogun tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ tàbí èékánná rẹ̀ la máa ń mú wálé sin. Ti Bọ́mà, kò sí nǹkan kan tó wá. Àwọn àgbà ní kí wọ́n sin aṣọ tó fi sílẹ̀ dípò. Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀: “Ta ló rí òkú ọmọ mi?” Yorùbá ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Èyí tó nù ni tiwọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní 1946, ìyá àgbà á lọ dúró níbi tí lọ́rì ti ń já èrò, wọn á máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti wọ bàtà sójà. Ọdún ń gorí ọdún. Wọn kò gbà kí wọ́n fi orúkọ Bọ̀ọ̀dá Sójà sọ ọmọ kankan nínú ẹbí, wọ́n ní a kì í gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi kú ní 1981.

Àwọn aládùúgbò a máa sọ pé ogun ti ba orí ìyá náà jẹ́. Mo gbọ́ ọ ní kékeré, ó sì dùn mí dé egungun. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí gan-an ni pé mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ gbọ́ ìtàn bàbá Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, ìbọn bà wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn kò lè rìn. Àwọn àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ló ṣẹ́ kù sínú igbó. Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman lorúkọ rẹ̀, ló ń bọ́ wọn tó sì ń fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ bí ọ̀tá bá mọ̀ pẹ́nrẹ́n, òun àti ìdílé rẹ̀ ló máa kú. Àwọn ọmọ ogun méjèèjì padà sílé láàyè. Bàbá náà ṣiṣẹ́ ìjọba, wọ́n bímọ, ọdún 2012 ni wọ́n tó jáde láyé. Ẹ ò rí i pé ẹni tí wọ́n ti rò pé ó kú wá sílé lóòótọ́? Ìyá tó dúró de ọmọ rẹ̀ kò ya wèrè. Kò sí ẹni tó fún un ní ohun tó lè fi gbàgbọ́ ni.

Ọmọ mi tó wà nílùú Lọ́ńdọ̀nù ló bá mi wá orúkọ Bọ̀ọ̀dá Sójà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn ọmọ ogun tó kú. A tẹ orúkọ ìdílé wa, kò gbé nǹkan kan jáde. A yí síbẹ́líìnì rẹ̀ padà lóríṣiríṣi, òfo. Ìgbà tí a wá tẹ orúkọ àbísọ pẹ̀lú Abẹ́òkúta bí ẹni pé ìlú ni orúkọ bàbá rẹ̀, ló jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀: orúkọ kan, ìlú kan. Ẹni méjì sì ló jẹ́ orúkọ náà! Ìwé owó oṣù tí ìyá àgbà tọ́jú sínú agolo ló yanjú ẹ̀: nọ́ńbà ológun wà lórí rẹ̀, lẹ́tà NA ló ṣíwájú rẹ̀, ó sì bá ti ọ̀kan mu kínníkínní. Kò sí sàréè. Orúkọ wọn wà lára Rangoon Memorial, ilé ìrántí kan ní itẹ́ òkú Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Yangon tí wọ́n ń pè ní Rangoon tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó tó 27,000 sí, àwọn tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí bàbá mi létí. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá béèrè pé, “Àwọn ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà: Ìbàdàn, Kánò, Ìlọrin, Ṣókótó. Wọ́n ní, “Ó dáa. Àwọn ará ilé ni.” Ẹkún wá já.

Ohun kan tún ń bí mi nínú. Bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, Arakan l'Ápápá, Dodan n'Íkòyí: Bọ́mà ni wọ́n ti mú orúkọ wọn, níbi tí àwọn ọmọ wa ti jà. Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pè é lójoojúmọ́, kò sí ilé ìwé tó ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ọjọ́ ìrántí àwọn ológun gan-an, oṣù kọkànlá la ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sí January 15 nítorí ọjọ́ tí ogun Bìáfrà parí ní 1970. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn, àwọn tó kú níbẹ̀ tó rántí. Ṣùgbọ́n ó ti ń rí bíi pé àwọn ará Bọ́mà kò kú rárá.

A kọ orúkọ Bọ̀ọ̀dá Sójà sára sàréè ìyá wọn nínú ọgbà ilé wa. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi bímọ ọkùnrin lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi fúnra wọn ló sọ ọ́ lórúkọ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wá tiyín, nọ́ńbà ológun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ yẹ inú agolo, àpótí, Bíbélì tàbí Kùránì àwọn òbí yín wò. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àjọ tí mo dárúkọ yẹn, ẹ tẹ orúkọ àbísọ pẹ̀lú ìlú, ẹ tún tẹ orúkọ ìlú níkan. Bó bá jẹ́ ogun ti 1914 ni, ó lè má sí níbẹ̀, torí àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 2021 pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Áfíríkà, ni wọn kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nínú ogun yẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó kọ ohun tó ní síbí, èmi àti ọmọ mi á bá a wá a.