Brady ni mo dárúkọ, Bàbá ní Warren Moon

Houston ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbá Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, ní oṣù kejì ọdún 2017. Mi ò tíì pé ọdún kan ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Bọ́ọ̀lù tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí Atlanta Falcons fi 28 sí 3 ṣíwájú, mo sùn lọ lórí àga. Igbe ẹ̀gbọ́n tó gbà mí sílé ló jí mi. Tom Brady, quarterback Patriots (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó ń darí eré), àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá wọn ní 28, wọ́n fi àsìkò kún un, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Super Bowl, ó sì parí sí 34 sí 28. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ Brady.

Ní 2021, lẹ́yìn tó gba ife Super Bowl keje, mo gbé ẹnu dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pé kò sí quarterback tó jù ú lọ láyé. Mo ní méje! Patrick Mahomes, quarterback Kansas City, gan-an ló nà ní 31 sí 9! Ẹnì kan ní Joe Montana ni, pé Super Bowl mẹ́rin ló lọ, mẹ́rin ló gbà, bọ́ọ̀lù tó jù kò sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá rí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òmíràn ní Peyton Manning. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nídìí oníwèé-ìròyìn rí nígbà tí wọ́n ń jà lórí Okocha àti Kanu, ẹ mọ irú ariwo yẹn.

Bàbá kan tí wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀ ní kí abẹ dúró ná.

“Warren Moon.”

La bú sẹ́rìn-ín. Moon tí kò dé Super Bowl rí! Bàbá ò bínú. Ó ní nígbà tí Moon jáde yunifásítì ní 1978, wọ́n ní kó lọ kọ́ ipò mìíràn, bí ẹni pé aláwọ̀ dúdú ò lọ́pọlọ tí wọ́n fi ń ṣe quarterback. Ó kọ̀, ó kọrí sí Kánádà, ó gba Grey Cup, ife bọ́ọ̀lù tiwọn níbẹ̀, márùn-ún léraléra pẹ̀lú Edmonton, kí Houston Oilers tó mú un wálé ní 1984. “Brady yín, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni 199 ni wọ́n yàn án. Ṣùgbọ́n wọ́n sáà dárúkọ rẹ̀. Ta ló dárúkọ Moon?”

Ó yẹ kí n panu mọ́. Mo bi í pé ta ni quarterback Oilers ní 1993 nígbà tí wọ́n fi 35 sí 3 ṣíwájú, tí Frank Reich, quarterback adelé lásán, kó Buffalo lẹ́yìn nà wọ́n ní 41 sí 38.

Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. A kì í dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lójú àgbàlagbà Houston. Bàbá ní kí wọ́n máa fá orí òun lọ.

—

Èsì òǹkàwé kan: Ẹ kú orí ire tí wọn ò fi abẹ lé yín! Èmi, nọ́ọ̀sì ni mí ní New Jersey. Bàbá aláìsàn kan ní òun ò gba abẹ́rẹ́ àfi tí mo bá gbà pé Eli Manning, àbúrò Peyton, ju Brady lọ, torí Giants rẹ̀ na Brady ní Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì, ní 2008 àti 2012. Ọmọ Brady lèmi náà o. Mo gbà kíá. Kó tó sọ̀rọ̀ Eli tán, abẹ́rẹ́ ti wọlé.