Èsì: Ẹgbẹ́ Bill Monroe kì í ṣe "ẹgbẹ́ onílù", koríko rẹ̀ kì í sì í ṣe "aláró"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìlọrin fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fẹ́ sọ ìtàn Bill Monroe, bàbá orin bluegrass (orin ìgbèríko Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ohun èlò tó ní okùn kọ), fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Nítorí pé "blue" jẹ́ àwọ̀ aró, tí "grass" sì jẹ́ koríko, wọ́n pe orin náà ní "Orin Koríko Aláró", wọ́n pe ẹgbẹ́ rẹ̀, Blue Grass Boys, ní "Ẹgbẹ́ Onílù Àwọn Ọmọdékùnrin Koríko Aláró", wọ́n sì pe Monroe fúnra rẹ̀ ní "Adarí-Ìlù". Àwọn kan ti kọ̀wé láti gbóríyìn fún wọn. Èmi ò lè gbóríyìn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n gidigidi, ṣùgbọ́n ogún gbogbo wa ni èdè yìí, bí wọ́n bá sì gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ kíláàsì, òótọ́ ni àwọn ọmọ yóò pè é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "aláró". Ta ni aláró? Aláró ni ìyá tó ń rẹ aṣọ l'Ábẹ́òkúta, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé koríko kan wà tó jẹ́ ti aláró, ẹ̀lú ni yóò wá sí i lọ́kàn, nítorí ẹ̀lú ni ewé tí wọ́n ń gún fún aró. Koríko tí wọ́n ń pè ní bluegrass ní Kentucky, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti bí Monroe, kò bá aró tan. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bíi ti koríko yòókù. Ìgbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ tó yọ orí ni orí náà máa ń ṣe bí ẹni ní àwọ̀ aró díẹ̀ lójú ẹni tó dúró lókèèrè.

Koríko gan-an kọ́ ni Monroe tilẹ̀ fi sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórúkọ. Ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ń kì ní "Bluegrass State". Rosine, ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1911, wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ó jìnnà sí agbègbè Lexington tí koríko yìí ti lókìkí. Oríkì ilé ni ó mú. Nígbà tó yá, láàárín àwọn ọdún 1950, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹgbẹ́ náà pe orin fúnra rẹ̀. Ta ló tú "fújì" sí "orin orí òkè" rí? Síkírù Àyìndé Barrister sọ pé orúkọ òkè kan ní ilẹ̀ Jàpáànù ni òun mú. A gbà á bẹ́ẹ̀, a sì ń jó o. "Búlúgíráàsì" tó wa.

"Ọmọdékùnrin" kò ní gbà mí lákòókò. Sally Ann Forrester wà nínú ẹgbẹ́ yẹn láti 1943 sí 1946, ó ń tẹ àkọ́díọ̀nù, obìnrin sì ni. Yorùbá ti ní "ọmọ" tí kì í yan akọ yan abo: ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ogun, ọmọ iṣẹ́. Kí la wá ń fi "dékùnrin" ṣe?

Ibi tó dùn mí jù ni "onílù".

Ẹgbẹ́ Monroe tí gbogbo àwọn olórin búlúgíráàsì ṣì ń wò kọ́ṣẹ́ títí dòní ni ti 1946 sí 1948. Monroe ló ń ta mandolin, ohun èlò kékeré tó ní okùn bíi gìtá, Lester Flatt ń ta gìtá, Earl Scruggs ń ta bánjò, Chubby Wise ń ta fáyólìnì, Howard Watts sì dúró ti báàsì onígi ńlá. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: okùn ni gbogbo wọn. Kò sí ìlù kankan níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Kì í ṣe pé wọn ò rí onílù gbà, bí orin náà ti rí nìyẹn. Mandolin Monroe ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: yóò ta okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì dẹ ìka kíá kí ìró má baà gùn, kẹ́, kẹ́, láàárín ìró báàsì kan sí èkejì. Ibẹ̀ ni ijó ti ń jáde. Ẹni tó bá pe ẹgbẹ́ yìí ní onílù kò tíì fetí sí i.

Arákùnrin wa tó ń kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù ti gbèjà ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní a máa ń sọ pé "ó ń lu gìtá", pé ì- pẹ̀lú lù ló bí ìlù, nítorí náà ohunkóhun tí a bá ń lù ti di ìlù, ó parí. Kò parí o. A ń lu agogo; alágogo ni a ń pe ẹni tó ń lù ú. A ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ì- ṣẹ̀dá lè wá jókòó síbì kan ṣoṣo kó má kúrò níbẹ̀ mọ́, "ìlù" sì ti jókòó sórí ohun tí a fi awọ bò tí a ń lù. Ìdí tí "ẹgbẹ́ onílù" fi bá wa mu látọjọ́ yìí ni pé ìlù kì í wọ́n nínú ẹgbẹ́ olórin Yorùbá. Gòjé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yusuf Ọlátúnjí, ṣùgbọ́n sákárà ló gbé orin rẹ̀ ró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ìlù, ó yẹ ká mọ̀ pé ibẹ̀ ni ààlà rẹ̀ wà.

Arákùnrin yìí tún ní awọ ni wọ́n fà sójú bánjò, pé ìlù tí a so okùn mọ́ ni. Ìyẹn ló lágbára jù nínú ohun tí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n mólò, ohun èlò àtijọ́ tó ní okùn, ńkọ́? Awọ wà lójú mólò, àwọn bàbá wa kò sì torí ẹ̀ pè é ní ìlù. Ìbátan ni mólò àti bánjò, torí pé àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé ìmọ̀ ohun èlò yẹn dé Amẹ́ríkà. Arnold Shultz, aláwọ̀ dúdú tó ń ta gìtá àti fáyólìnì ní ìwọ̀-oòrùn Kentucky, wà lára àwọn tí Monroe kọ́ orin lára wọn. Monroe máa ń bá a lọ ṣeré níbi ijó nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ fi èyí kún ẹ̀kọ́ yín, ó ṣe pàtàkì ju koríko lọ.

Ẹni tó ní ká máa pe bánjò ní "gòjé Òyìnbó", ọrun ni a fi ń fa okùn gòjé. Ìka mẹ́ta ni Scruggs fi ń ta tirẹ̀. Fáyólìnì ló sún mọ́ gòjé. Ní Èkó, láyé Túndé King, nígbà tí jùjú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, bánjò wà lọ́wọ́ àwọn olórin wa, bánjò náà la sì ń pè é.

Ẹgbẹ́ olókùn ni mo ní ká pè wọ́n. Mo ti dábàá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ níbí, ẹnì kan sì tún un kọ ní "ẹgbẹ́ olókun", ni ẹlòmíràn bá ń béèrè ohun tó pa Olókun pọ̀ mọ́ Kentucky tí kò ní òkun. Ẹ jọ̀ọ́! Okùn: ohùn àárín, lẹ́yìn náà ohùn ìsàlẹ̀. Oní àti okùn di olókùn, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn kò sì kúrò níbẹ̀. Òkun ni ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà níwájú, tó ń pòórá nígbà tí oní bá pàdé rẹ̀. Àmì kan péré ló ya olórin sọ́tọ̀ kúrò lára òrìṣà. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní Yorùbá, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, kì í máàkì iṣẹ́ tí kò bá ní àmì ohùn. Wọ́n á dá a padà fún ọ láìfi gègé kàn án. Irú wọn ti ń tán lọ, àwa tó kù ń kọ èdè lóríṣi lórí fóònù, a sì ń pe ara wa ní amòye.

Ó ku "Adarí". N kò bínú sí ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ọ̀gá ni Monroe. Láti oṣù Kẹwàá 1939 tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé orí Grand Ole Opry, ètò orin orí rédíò ní Nashville, títí dé ọdún 1996 tó kú nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé ẹni ọdún 85, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà wà. Ó lé ní 150 olórin tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí Flatt àti Scruggs jáde ní 1948, tí wọ́n dá Foggy Mountain Boys sílẹ̀, inú bí i bí inú ṣe ń bí ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Ọdún 1971 ni òun àti Flatt tó parí ìjà, níbi àjọ̀dún orin Monroe fúnra rẹ̀ ní Bean Blossom, Indiana. Adarí kì í bínú báyẹn. Ọ̀gá ló ń bínú báyẹn.

Kékeré kan tún kù. Ẹ̀gbọ́n kọ "àbúrò bàbá rẹ̀" fún Uncle Pen. Rárá o. Pen Vandiver, tó ń ta fáyólìnì, tó gba Monroe sọ́dọ̀ nígbà tí òbí rẹ̀ méjèèjì ti kú, arákùnrin ìyá rẹ̀ ni. Ilé ìyá ni orin yìí ti bá a wá, ẹ má gbé e fún ilé bàbá.

Ọ̀rọ̀ tí èmi náà ń wá báyìí ni ti títa okùn kí a sì dá ìró rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, bí Monroe ṣe ń ṣe sí mandolin. Àwọn onígìtá jùjú náà máa ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ bá wọn gbé, kí ni wọ́n ń pè é? Ẹ kọ ọ́ sí wa, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.