Ìwọ̀n ìbímọ ní Áfíríkà: 45, 7.6 tàbí 6, èwo ni ká gbé sórí àtẹ?

Olùkọ́_Ìsánlú:
Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àtẹ kan tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì SS2 ló fa ìbéèrè yìí: orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Áfíríkà, láti orí èyí tó ń bímọ jù dé èyí tí ìbímọ rẹ̀ kéré jù. Ibi kan kọ 45 fún Nìjẹ̀r, ibòmíràn kọ 7.6, òmíràn ní 6. Ti Nàìjíríà náà, ẹnìkan ní 5.3, ẹlòmíràn ní 4.8. Èwo ni ká mú? Ṣé a sì lè fi ti Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, sí ìsàlẹ̀, kí àwọn ọmọ rí ilé ara wọn níbẹ̀?

Ọmọ_Owé:
Kò sí irọ́ níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń wọ̀n ló yàtọ̀. 45 yẹn ni iye ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún kan láàárín 1,000 èèyàn, àtarúgbó àtọmọ ọwọ́. 7.6 àti 6 ni iye ọmọ tí obìnrin kan máa bí láti ọdún 15 sí 49, bó bá jẹ́ pé bí àwọn obìnrin ṣe ń bí lónìí ni òun náà á ṣe máa bí in lọ. Èkejì yìí ni kí ẹ lò.

Ẹ wo ìlú méjì, 10,000 èèyàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin ọdún 15 sí 49 jẹ́ 2,500 ní àkọ́kọ́. Ní ìkejì wọn ò ju 1,800 lọ, torí àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Abuja àti Lọ́kọ́ja (ẹ mọ irú ìlú tí mò ń wí). Ká ní ọmọ 120 ni 1,000 obìnrin ń bí lọ́dún ní ìlú méjèèjì. Ọmọ 300 ni ti àkọ́kọ́, 216 ni ti ìkejì. Tí ẹ bá pín in fún gbogbo ará ìlú, 30 àti 21.6 nínú 1,000 lẹ máa rí. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní obìnrin ìlú kejì ti ń sinmi ọmọ bíbí. Wọn ò sinmi o, àwọn ẹgbẹ́ wọn ni kò sí nílé.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò ti obìnrin kan fúnra wọn, ọ̀wọ́ ọjọ́ orí méje ló wà, ọdún márùn-ún márùn-ún. Àpẹẹrẹ lásán rèé, iye ọmọ fún 1,000 obìnrin lọ́dún kan: 80, 190, 220, 190, 130, 60, 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 890. Ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, torí obìnrin ń lo ọdún márùn-ún nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi 1,000 pín in: 4.45. 5 yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá rí 0.89, ẹ ti mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Àgbà_Ìjùmú:
Ẹ tún wo ọdún rẹ̀. 7.6 ti Nìjẹ̀r, ìwádìí DHS (èyí tí wọ́n fi ń bi àwọn obìnrin léèrè nípa ìbímọ àti ìlera ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan) ti 2012 ni. 5.3 ti Nàìjíríà jẹ́ ti 2018, 4.8 jẹ́ ti 2023–24. Kẹ́ńyà ní 3.4 ní 2022, Gánà 3.9 lọ́dún kan náà. Bí ẹ bá to Nìjẹ̀r 2012 ti Kẹ́ńyà 2022, ọdún mẹ́wàá lẹ gbé pamọ́ sáàárín wọn. DHS pàápàá kì í sọ ti ọdún ìwádìí nìkan, ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ló ń kó pọ̀.

Àléébù kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Ìyá tó bímọ láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn ní ìbéèrè gígùn láti dáhùn lórí ìlera ọmọ náà. Aṣèwádìí tí ó ti rẹ̀ á kọ pé ọmọ ọdún mẹ́rin ti pé ọdún mẹ́fà, kó lè fo ojú ìwé yẹn. Ìbímọ àìpẹ́ á wá dà bíi pé ó wálẹ̀.

Fún àtẹ yín, World Population Prospects, ìwé ìṣirò iye èèyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ẹ̀dà 2024, ló rọrùn jù, torí ọdún kan náà lẹ máa rí fún gbogbo wọn. Ẹ má da ẹ̀dà 2022 pọ̀ mọ́ ọn: wọ́n ń tún ọdún àtẹ̀yìnwá ṣe nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Nìjẹ̀r, Ṣáàdì àti Sòmálíà wà ní nǹkan bí 6 níbẹ̀, Tùnísíà àti Mauritius kò tó 2. Ẹ fa ìlà pupa sí 2.1, níbi tí ìran ti ń rọ́pò ara rẹ̀.

Ọmọ_Mọpà:
Ti Okun ni kí ẹ fi sílẹ̀. Obìnrin bí 42,000 ni wọ́n bi léèrè jákèjádò Nàìjíríà nínú DHS 2018, ó kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 1,100. Ẹ pín ti Kogi sọ́nà mẹ́ta, Okun, Ígálà, Ẹbira, kí ẹ tún pín in sí ọ̀wọ́ méje: kò tó 60 obìnrin nínú ọ̀wọ́ kan. Ọmọ mẹ́ta péré lè yí iye náà padà.

Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn náà kò gbà yín. Ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ló ń kà, kì í ṣe ibi tí ìyá ń gbé. Bí obìnrin bá ti Kwara wá bí sí Ẹgbẹ ní Ìyàgbà, nílẹ̀ Okun, ọmọ yẹn á wọ inú ìwé Ìyàgbà, ìyá rẹ̀ ò sì sí nínú iye èèyàn tí ẹ fẹ́ fi pín in. Iye èèyàn yẹn gan-an, ìkànìyàn 2006 ni wọ́n fi ń fojú bù ú títí di òní.

Olùkọ́_Ìsánlú:
Ẹ ṣeun gan-an. A ó yọ Okun kúrò. A ó kọ 4.8 fún Nàìjíríà, ká wá gba ìyókù lọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan.

Ọmọ_Owé:
Rárá o, olùkọ́. DHS ni 4.8 yẹn. Inú ìwé Àjọ náà ni kí ẹ ti mú ti Nàìjíríà pẹ̀lú.