Ọṣẹ ìfọbọ́ olómi: láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé orí àtẹ

Apoọṣẹ, Ọjọ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè bí èrò ọṣẹ ìfọbọ́ ṣe ń di ọjà. Ọṣẹ tó hó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò tíì di ọjà. Èyí tẹ́ ẹ lè pò lóṣù tó ń bọ̀ kó sì rí bíi tòní gẹ́lẹ́, òun lọjà. Torí náà, ẹ ra síkéèlì kẹ́ ẹ tó ra kẹ́míkà. Ìdérí ìgò àti ife kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Fún 20 lítà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: sulphonic acid (ásíìdì tó ń fọ ìdọ̀tí) kílò 1, caustic soda (èyí tó ń pa agbára ásíìdì náà) gíráàmù 120, SLES tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń pè ní Texapon (tó ń mú kó hó) kílò 1, CDEA (tó ń mú kí ìhó náà pẹ́) gíráàmù 200. Àwọ̀, lọ́fínńdà, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kó rà, àti iyọ̀ á tẹ̀ lé e. Lítà 2 péré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pò wò: gíráàmù 100, 12, 100, 20, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn lókè. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà, ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Caustic là ń dà sínú omi. Ẹ má da omi lé caustic lórí láé, ó máa ń gbóná lójijì, ó sì lè ta síni lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo ojú. Ike ni kẹ́ ẹ lò, nítorí caustic ń jẹ alumíníọ̀mù. Ẹ da sulphonic acid sínú omi bíi lítà 14, ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá máa da omi caustic tó ti tutù sí i díẹ̀díẹ̀. Bébà pH, èyí tó ń fi hàn bóyá acid tàbí caustic ló pọ̀ jù, gbọ́dọ̀ wà láàárín 7 sí 8 kẹ́ ẹ tó da SLES àti CDEA sí i.

Caustic tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ló ń da iṣẹ́ rú jù. Ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, nítorí náà gíráàmù 120 tẹ́ ẹ wọ̀n á ti ní omi nínú, acid á ṣẹ́kù, ọṣẹ á sì máa ta ọwọ́ oníbàárà.

Iyọ̀ ló ń kẹ́yìn. Òun ló ń mú ọṣẹ ki, ṣùgbọ́n ó níbi tó ń mọ. Bẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀, iyọ̀ yẹn kan náà á sọ ọ́ di omi ṣooro, kò sì sẹ́ni tó lè yọ iyọ̀ kúrò mọ́. Ẹ yọ́ gíráàmù 20 nínú omi, ẹ dà á sí i, ẹ rò ó, ẹ gbé igi sókè kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń já, kẹ́ ẹ tó fi òmíràn sí i. Kí lọ́fínńdà ti wọlé ṣáájú, torí òun náà ń yí kíki ọṣẹ padà. Ẹ má sì fi lọ́fínńdà sí i nígbà tó ṣì gbóná, òórùn rẹ̀ á fò lọ.

Ará Àjà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi kún un. Ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ lápá Lẹ́kí sí Àjà ló níyọ̀, tó sì ní irin. Ìwọ̀n iyọ̀ tó ṣe rẹ́gí l'Ọ́jọ́ta lè ti pọ̀ jù níhìn-ín, nítorí iyọ̀ ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀. Irin á tún máa sọ ọṣẹ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Kẹ́míkà EDTA gíráàmù 20 nínú 20 lítà ń mú irin, kò lè mú iyọ̀. Omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, láti ibì kan ṣoṣo, ló dára jù.

Oníṣòwò ìgò, Ìsọlọ̀

Ìgò àti ìdérí lè jọ jẹ́ mìlímítà 28 lọ́rùn kí wọ́n má bára mu. 28/400 àti 28/410 kò ní ìlà yíyí kan náà lọ́rùn. Ìdérí á wọlé, ọṣẹ á máa yọ́ jò. Ẹ rọ ọṣẹ sínú ìgò mẹ́fà, ẹ dì wọ́n, ẹ dorí wọn kodò sórí bébà funfun títí di ọjọ́ kejì. Ẹ tún dá wọn dùbúlẹ̀ nínú páálí, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbé wọn gba ọ̀nà tí kò dáa. Bébà ló máa sọ òótọ́. Ẹ má sì rọ ọ́ nígbà tí ìfófòó ṣì wà lójú rẹ̀. Tó bá rọlẹ̀ tán, ìgò á dà bí èyí tẹ́ ẹ yọ nínú rẹ̀.

Atẹ̀wé, Ṣómólú

Lébẹ̀lì bébà lásán kì í pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Onírọ́bà ni kẹ́ ẹ béèrè, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Ẹ nu ìgò gbẹ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí ọṣẹ díẹ̀ lára ìgò máa ń jẹ́ kó ṣí. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà pípò kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ẹ pò ó àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí NAFDAC tó yẹ lébẹ̀lì náà wò.

Ẹni tó ń bá wọn ṣe ìwé

Òótọ́ ni, ọṣẹ wà lára ohun tí NAFDAC ń bójú tó. Ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ lọ́dọ̀ CAC ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ wá forúkọ ọjà (trademark) sílẹ̀ ní ìsọ̀rí 3, ibẹ̀ ni ọṣẹ wà. Orí NAPAMS, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ wọn, lẹ ó ti kọ̀wé sí NAFDAC. Wọ́n á wá wo ibi tẹ́ ẹ ti ń pò ó, wọ́n á sì yẹ ọṣẹ wò. Ilé ìdáná kò lè jẹ́ ilé iṣẹ́.

Alágbàtà, Òkè-Àrìn

Ẹ̀yin ará, 20 lítà jẹ́ ìgò 40 lórí ìwé, nítorí pé ìgò kọ̀ọ̀kan gba ìlàjì lítà. Ẹ yọ èyí tó lẹ̀ mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì àti èyí tẹ́ ẹ fún oníbàárà lò wò. Ẹ ka ìgò, ìdérí, lébẹ̀lì, páálí àti owó ọkọ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tó ka èrè tiyín àti ti àwa tá a máa tà á. Ọ̀pọ̀ ń ka kẹ́míkà nìkan.

Apoọṣẹ, Ọjọ́ta

Sí Ìyá tó béèrè bí a ṣe ń mọ SLES tó dáa: èyí tó jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń ki bí oyin tó dì, kò gbọ́dọ̀ ṣàn bí omi. Bó bá ń ṣàn, wọ́n ti fi omi là á. Nígbà tí omi bá kàn án, ó máa ń ṣù. Ẹ má lu ú, ẹ rì í sínú omi di ọjọ́ kejì, á yọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ tán, ẹ gbé ìgò kan sójú oòrùn, kan sínú fíríìjì, kan sínú yàrá, ẹ máa wò wọ́n fún oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó pò èyí tó pọ̀. Bí àwọ̀ tojú oòrùn bá ṣá, ẹ pààrọ̀ àwọ̀ tàbí kẹ́ ẹ lo ìgò tí kò mọ́ gaara.