Ìdí rèé tí Màmá fi ń ṣe ṣìbáṣìbo

Ẹ kú àdúrótì. Mo sọ níbí lọ́jọ́sí pé Màmá mi, ẹni ọdún 81, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọdé tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọn ò dá mi mọ̀ mọ́. A ti rí ìdí rẹ̀.

Digoxin tí wọ́n ń lò fún ọkàn ló pọ̀ jù lára wọn. Wọn ò ṣi oògùn lò o. Iye tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ náà ni. Kíndìnrín ló ń gbé e jáde lára, tiwọn sì ti rẹ̀ díẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru wá gbẹ omi ara wọn, ó tún fa pọtásíọ̀mù (èròjà iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀) wálẹ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kí digoxin le sí i.

Ohun tó dùn mí ni pé àmì ti wà. Oúnjẹ ò wù wọ́n, èébì ń gbé wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n di etí aṣọ ìbùsùn funfun mú, wọ́n ní, "Ta ló pa èyí láró ìyeyè?" Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Digoxin tó pọ̀ lápọ̀jù ló ń mú ojú rí bẹ́ẹ̀.

Dókítà dá oògùn náà dúró, wọ́n fún wọn ní omi àti pọtásíọ̀mù, wọ́n ń ṣọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Lọ́jọ́ kẹrin Màmá pè mí lórúkọ, wọ́n bi mí pé níbo ni mo gbé awò ojú wọn sí. Mo sunkún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n kó gbogbo oògùn wọn dání lọ sọ́sibítù, ẹ ṣé gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.